Sáà Kaṣú

Wọ́n ti gbá mẹ́rin wọlé wa ní Kàbà
kí n tó rí ibi tí mo máa gbé ìgò omi kalẹ̀ sí.
Èmi ni aṣọ́lé kejì.
Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì,
kí n máa gbàdúrà kí ohunkóhun má ṣe Dáìsí,
kí n sì máa gbàdúrà, lábẹ́ ahọ́n, kí nǹkan kékeré ṣe é.

Lẹ́yìn ọmọ mẹ́ta tó lọ ni wọ́n bí Dáìsí.
Bàbá rẹ̀ bẹ ikú pé kó dá a sí.
Ikú gbọ́.
Àwọn ọmọ Kàbà ò gbọ́.

Ní Ẹ̀gbẹ̀, méjì sí òdo.
Ní Mọ̀pà, mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ẹyọ kan ọ̀hún,
ọmọ Mọ̀pà ló fi orí kàn án wọ ilé ara rẹ̀,
a sì jó títí rẹfirí fi ní ó tó gẹ́ẹ́.
Ní Ìyàrà, má wulẹ̀ béèrè.
Bọ́ọ̀sì wa kú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lálẹ́ ọjọ́ náà.
Àwa tá a sáré fún aádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú láìrí nǹkan kan mú bọ̀,
àwa náà la tún sọ̀ kalẹ̀ tá à ń tì í,
Kóòṣì Ọbájẹmu ń pariwo láti ojú fèrèsé:
"Ẹ pín ara yín! Ẹ má fún pọ̀ sójú kan!"
Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lójú títì.
Ohun tó ti ń wí fún wa láti oṣù Ọ̀wàrà nìyẹn.

Nílé, ní Ìsánlú, igi kaṣú ló yí pápá wa ká.
Nígbà tí oṣù Èrèlé dé, tí èso pọ́n,
bọ́ọ̀lù tó bá fò kọjá òpó á lọ gbọn kaṣú lulẹ̀.
Àwọn ọmọdé ò wo eré mọ́,
ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú wa ni wọ́n ń wò:
ibi tí wọ́n bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá sí, ibẹ̀ ni jíjẹ wà.
Àwọn nìkan ló jèrè nínú sáà yẹn.

Funfun ni jẹ́sì wa. Omi kaṣú kì í lọ.
Yéyé Ìpìnmóyè tó ń bá wa fọṣọ fi ọṣẹ dúdú sí i,
ó fi òroǹbó kíkan sí i, ó fi èébú sí i,
àbàwọ́n náà wò ó lójú, ó jókòó jẹ́ẹ́.
"Ẹ ò borí Mọ̀pà, ẹ ò borí Ìyàrà," ó ní,
"ẹ ò tiẹ̀ wá lè borí kaṣú?"
Jẹ́sì tèmi, yẹ́lò, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí.
Bí mo ṣe ká a ni mò ń tú u.

Ìdíje tó kẹ́yìn, ìka Dáìsí yẹ̀.
Márùn-ún ti wọlé. Wọ́n pè mí.
Mo so okùn bàtà mi lẹ́ẹ̀mẹta.
Pẹ̀nárítì.
Mo fò sọ́tùn-ún, bọ́ọ̀lù lọ sósì,
ó gbá òpó, ó padà, ó bà mí lẹ́yìn gbàá,
ó yí wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí àlejò tó mọ̀nà.
Nínú ìwé rẹfirí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayò kẹfà,
orúkọ mi ni wọ́n kọ. Wọ́n tiẹ̀ ṣì í kọ.

Mo jókòó sínú koríko.
Dáìsí wá, ọwọ́ rẹ̀ nínú báńdéèjì,
kò sọ pé pẹ̀lẹ́, kò sọ pé ó máa dáa.
"Okun o," bí ẹni tó bá mi lóko láàárọ̀.
Mo dáhùn: okun.
Ọmọdé kan ju kaṣú sí mi láti ẹ̀yìn àwọ̀n.
Mo bù ú jẹ,
omi rẹ̀ ṣàn gba àgbọ̀n mi
sórí jẹ́sì yẹ́lò náà,
mi ò sì nù ún.